Ẹ Bi Wolé-wolé: Wọ́n ń gbé etí odò, wọn ò rí omi mu

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Àbújá, ní Kàdúná, ní Minna, ní Kánò àti gbogbo òkè ọya, ẹ kú ojú lọ́nà o. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ omi ló sì kún inú ẹ̀, kò yà mí lẹ́nu torí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, kànga ti ń fà sẹ́yìn káàkiri. Mo mú mẹ́rin jáde. Èsì méjì àkọ́kọ́ máa gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á, ọ̀rọ̀ inú wọn ti ń dùn mí lọ́kàn tipẹ́.

Màmá Wolé-wolé, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mo ń gbé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, fóònù ni mo ń tún ṣe. Bọ̀dá mi tó wà ní Winnipeg ní Kánádà ń sọ fún mi pé àwọn onílẹ̀ gangan níbẹ̀, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, àwọn kan nínú wọn ò rí omi tó dáa mu, pé ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń se omi ẹ̀rọ kí wọ́n tó mu ún. Mo ní irọ́ ni. Kánádà kẹ̀! Ibi tí gbogbo wa ń wá físà ẹ̀ lójú méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé òótọ́ ni, tó bá sì jẹ́ òótọ́, báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? (Ọmọ Ìlọrin, Kubwa)

Ọmọ Ìlọrin, bọ̀dá ẹ ò purọ́. Kódà omi tó ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ nílé tiẹ̀ gan-an wà nínú ìtàn yẹn. Omi tí Winnipeg ń mu, adágún kan tí wọ́n ń pè ní Shoal Lake ló ti ń wá, ó jìn sí ìlú náà tó nǹkan bíi 150 kìlómítà, ọdún 1919 ni wọ́n parí ọ̀nà omi ńlá tó ń gbé e wá. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, Shoal Lake 40 lorúkọ wọn, wọ́n ṣí wọn nídìí torí iṣẹ́ yẹn, ìgbà tí wọ́n sì tún gbẹ́ ojú omi mìíràn síbẹ̀, ibi tí wọ́n kó wọn sí di erékùṣù, omi yí wọn ká, wọn ò rí ọ̀nà jáde. Ìlú ńlá wá ń mu omi wọn, àwọn fúnra wọn ò rí èyí tó mọ́ mu. Ó lé lógún ọdún tí ìkìlọ̀ fi wà lórí omi ẹ̀rọ tiwọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu ún láìsè, omi inú ike ni wọ́n ń rà wọ̀lú. Ọdún 2019 ni ọ̀nà mọ́tò tó so wọ́n mọ́ títì ńlá tó ṣí, Freedom Road ni wọ́n pè é, ọdún 2021 ni iléeṣẹ́ tó ń fọ omi sì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún wọn. Láti 1919 dé 2021, ìwọ náà ṣírò ẹ̀.

Ti Neskantaga, ìlú àwọn onílẹ̀ mìíràn, tún burú jùyẹn lọ. Àríwá Ìpínlẹ̀ Ontario ló wà, ọkọ̀ òfurufú kékeré ni wọ́n sábà máa ń wọ̀ débẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 1995 ni wọ́n ti ní kí wọ́n máa se omi o, ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ lọ́dún yẹn ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Lóṣù kẹwàá ọdún 2020 wọ́n rí nǹkan tó ń dán bí epo lójú omi inú táńkì wọn, ni wọ́n bá pa omi náà, wọ́n kó ará ìlú lọ sí Thunder Bay, àtarúgbó àtọmọdé, wọ́n lọ ń gbé òtẹ́ẹ̀lì nítorí omi. Ní Kánádà, níbi tí omi adágún pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láyé lọ!

O béèrè pé báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀. Òfin ni kókó àkọ́kọ́. Ní Kánádà, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń ṣòfin omi mímu fún ìlú àti ìletò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn onílẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Lóṣù karùn-ún ọdún 2000, ìlú kan tó ń jẹ́ Walkerton ní Ontario, òjò ńlá wọ́ ìgbẹ́ màlúù wọ kànga ìlú, àwọn tó yẹ kó máa wo chlorine, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, ò wò ó dáadáa, iye tí wọn ò wọ̀n ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Èèyàn méje kú, ó lé ní 2,000 tó ṣàìsàn. Gbogbo Kánádà gbọ̀n. Ontario sáré ṣòfin omi mímu lọ́dún 2002, òfin tó le, tó ní ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò, tó ní ìjìyà. Ṣùgbọ́n bèbè ilẹ̀ àwọn onílẹ̀ ni òfin yẹn dúró sí. Ẹni tó wà lódì kejì ò ní òfin kankan tó lè dì mú, ìlànà ọ́fíìsì lásán ló wà fún un, ìlànà ọ́fíìsì ò sì ṣeé gbé lọ sí kóòtù.

Owó ìtọ́jú ni ìkejì, ibí yìí ni mo fẹ́ kí o fi ọkàn sí torí ó máa tún yọjú níwájú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdá 80 nínú 100 owó ìtọ́jú ẹ̀rọ omi ni ètò ìjọba àpapọ̀ gbà láti san, wọ́n ní kí abúlé wá ìdá 20 tó kù. Abúlé tí kò ní iléeṣẹ́, tí kò ní ọjà, níbo ló ti fẹ́ rí i? Ọmọ wọn tó bá kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ omi yanjú, ìlú ńlá á sanwó tó jọjú fún un, á sì lọ. Wọ́n á kọ́ ilé omi tuntun, wọ́n á gé rìbọ́ọ̀nù, ọdún díẹ̀ sí i ẹ̀rọ á kọṣẹ́. Ìparí ọdún 2020 ni ìjọba tó sọ pé àwọn á máa gbé gbogbo owó ìtọ́jú náà.

Ìlérí? Ìlérí pọ̀ o. Lọ́dún 2015 Justin Trudeau, tó di olórí ìjọba Kánádà lọ́dún yẹn, ní láàárín ọdún márùn-ún, kò ní sí ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ kankan mọ́ lórí omi àwọn onílẹ̀. 105 ni wọ́n nígbà náà. Oṣù kẹta ọdún 2021 pé, kò parí. Mi ò ní sọ pé wọn ò ṣe nǹkan kan, irọ́ nìyẹn máa jẹ́, wọ́n ti mú ìkìlọ̀ tó lé ní 140 kúrò láti ọdún 2015 torí àwọn tuntun ń yọ bí àwọn àtijọ́ ṣe ń lọ, síbẹ̀ àwọn kan ṣì kù. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè fi bò mọ́lẹ̀ mọ́ ni pé àwọn onílẹ̀ gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Ìlú àwọn onílẹ̀ mẹ́ta, Neskantaga, Curve Lake àti Tataskweyak, ló ṣíwájú ẹjọ́ náà, lóṣù kejìlá ọdún 2021 kóòtù fọwọ́ sí àdéhùn bílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là Kánádà, bílíọ̀nù kan ààbọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ owó gbà-má-bínú fún àwọn tó jìyà, ó kéré tán bílíọ̀nù mẹ́fà fún iṣẹ́ omi. Òfin omi tí ìjọba ṣe fún wọn lọ́dún 2013, tí àwọn onílẹ̀ ń pariwo pé ó gbé ẹrù lé wọn lórí láìgbé owó tẹ̀lé e, wọ́n pa á rẹ́ lọ́dún 2022. Wọ́n gbé òfin tuntun wá sílé aṣòfin ní oṣù kejìlá ọdún 2023, kò tíì parí tí wọ́n fi ti ilé náà ní oṣù kìíní ọdún 2025, bó ṣe kú nìyẹn. Nítorí náà wọ́n ṣì ń jà. Sọ fún bọ̀dá ẹ pé mo kí i.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Tíṣà ni mí ní abúlé Gbagyi kan ní Bwari Area Council, ọmọ Ọ̀ṣun ni mí. Láti ibi tí mo wà, ọ̀kadà ò ní pẹ́ kó tó dé Usuma Dam, ṣùgbọ́n odò ni àwọn ìyá níbí ń lọ, tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n á máa wa yanrìn kí omi tó sun. Òṣèlú kan gbẹ́ borehole síbí kí ìbò tó dé, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ gàdàgbà sára táńkì, kò pé ọdún kan tí borehole náà fi kú, sólà ẹ̀ náà ti rìn. Àwọn àgbà wa bọ̀ wọ́n ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Olórí abúlé ní òun ti kọ lẹ́tà títí, òun ò tiẹ̀ mọ ọ́fíìsì tó kan mọ́. Ta ló yẹ kó fún wọn lómi? Kí la lè ṣe? (Tíṣà, Bwari)

Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ ò gbójú kúrò lára wọn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rán ara wa létí bí a ṣe débẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akínọlá Àgúdà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ṣe alága ẹ̀ ló yan ibẹ̀ fún olú ìlú, ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 ni ìjọba Murtala Muhammed sì fi òfin gba ilẹ̀ náà. Wọ́n ní èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀. Gbagyi wà níbẹ̀ o, Koro wà níbẹ̀, Bassa, Gade, Ganagana, gbogbo wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú oko àti ibojì bàbá wọn. Èrò ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí wọ́n kó gbogbo wọn kúrò, owó gbà-má-bínú ò tó nǹkan, wọ́n yí i padà pé ẹni tó bá fẹ́ dúró kó dúró, wọ́n wá ń ṣí àwọn tí ìlú bá dé ọ̀dọ̀ wọn nípò. Kubwa tí ọ̀pọ̀ yín ń gbé lónìí wà lára ibi tí wọ́n kó wọn wá. Nígbà tí olú ìlú sì kúrò l'Ékòó tán pátápátá lọ́jọ́ kejìlá oṣù kejìlá ọdún 1991, àwọn onílẹ̀ ti di ará ẹ̀yìn títì lórí ilẹ̀ wọn.

Dáàmù Usuma tí ẹ ń wò yẹn, omi tó lè gbà tó 100 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Wọ́n tún fa páìpù nǹkan bíi 75 kìlómítà láti dáàmù Gurara ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná wá síbẹ̀ kí omi má bàa wọ́n ìlú. Ìlú ni wọ́n fi ètò yẹn ṣe, Maitama, Wuse, Garki, Asokoro. Abúlé tí páìpù bá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá bọ́ sábẹ́ ètò omi ìgbèríko, ètò borehole nìyẹn. Ẹ̀yin náà ti ka èsì tí mo fún Ọmọ Ìlọrin, ẹ wo bó ṣe jọ ti Shoal Lake 40.

Ẹ sì má rò pé kò sí ìlànà nílẹ̀. Ìlànà omi orílẹ̀-èdè yìí tó jáde lóṣù kìíní ọdún 2000 ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní abúlé tí èrò ẹ̀ wà láàárín 150 sí 5,000 máa rí 30 lítà lójúmọ́, kí ibi tí wọ́n á ti pọn ọ́n má sì jìnnà ju 250 mítà lọ. Ẹni tó wà nílùú tí èrò ẹ̀ lé ní 20,000, 120 lítà ni tiẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ìyàtọ̀ kan wà láàárín ìlú àti oko, àmọ́ ìlọ́po mẹ́rin! Kẹ́gì kan tí mai ruwa, ẹni tó ń ta omi, ń tì kiri, 25 lítà ni. Kẹ́gì kan àti díẹ̀ fún ẹni kan lóòjọ́ ni ìjọba fúnra ẹ̀ pè ní ẹ̀tọ́ ará oko, ìyẹn náà ni àwọn ìyá yẹn ò rí, tí wọ́n ń wa yanrìn.

Ta ló kàn? Bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ́ mọ́ra ní Àbújá nìyí. A ò ní gómìnà, a ò ní ilé aṣòfin tiwa, mínísítà tí ààrẹ yàn ló ń ṣe é, ilé aṣòfin àpapọ̀ ló ń ṣòfin fún wa, sẹ́nétọ̀ kan àti aṣojú méjì péré la ní níbẹ̀. FCT Water Board, iléeṣẹ́ omi agbègbè olú ìlú (FCT), ló ni páìpù. Omi ìgbèríko wà lọ́wọ́ ẹ̀ka tí ìjọba FCT yàn fún un àti area council yín, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀. Alága area council ni ẹni tí ẹ fi ìbò yàn, òun ló sún mọ́ yín jù, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì mínísítà àti sí aṣojú yín.

Ẹ má kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ mọ́. Olórí abúlé ti bẹ̀bẹ̀ tó. Òfin kan wà láti ọdún 2011, Freedom of Information Act, ó ní ẹnikẹ́ni lè béèrè ìwé àti ìṣirò lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba láìsọ ìdí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ méje. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé e lọ kóòtù. Borehole tó kú yẹn, ẹ béèrè: èló ni wọ́n kọ sínú ìwé ìṣúná fún un, orúkọ kọngílá tó gbẹ́ ẹ, báwo ló ṣe jìn tó nínú ìwé, ta ni wọ́n yàn láti máa tọ́jú ẹ̀, níbo ni èsì àyẹ̀wò omi ẹ̀ wà. Ẹ ya fọ́tò táńkì yẹn mọ́ ọn, kí orúkọ tó wà lára ẹ̀ hàn dáadáa. Ẹ̀yin lẹ lè bá wọn kọ ọ́, Tíṣà, kí olórí abúlé àti àwọn ìyá fọwọ́ sí i. Ẹni tí a bá fi ẹnu bẹ̀ á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní ó ti di ṣíṣe, ẹni tó bá rí i pé ọjọ́ méje ń sáré á wá fáìlì rí.

Ẹnì kan máa sọ pé ṣé òfin orílẹ̀-èdè wa ò ní omi nínú ni? Ó ní in. Abala 20 ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀. Àmọ́ abala 6 nínú òfin kan náà ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́ orí tí abala 20 wà, ìyẹn bà mí nínú jẹ́ gan-an ni. Ilẹ̀kùn mìíràn ṣì wà o. Ìwé àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti di òfin níbí láti ọdún 1983, abala 24 inú ẹ̀ ní gbogbo èèyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dáa, àdéhùn yẹn ni ìgbìmọ̀ Áfíríkà fi dá Nàìjíríà lẹ́bi lọ́dún 2001 lórí ilẹ̀ àti omi àwọn Ogoni. Àjọ Àgbáyé náà ti kéde ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 2010 pé omi tó mọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́. Ìkéde tiwọn lórí àwọn onílẹ̀ tó jáde lọ́dún 2007, Kánádà dìbò pé àwọn ò gbà, Nàìjíríà ní tiẹ̀ ò dìbò rárá. Kánádà ti yí ọkàn padà, wọ́n sọ ọ́ dòfin lọ́dún 2021. Ó yẹ kí àwa náà sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá rí lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ọ̀nà yìí ni kí ẹ gbé e gbà.

Ó ku ohun tí abúlé fúnra ẹ̀ máa ṣe, mi ò ní fi dídùn bo kíkorò. Borehole tí kò ní owó ìtọ́jú, bí ìgbà tí wọ́n ra ọ̀kadà fún èèyàn tí kò ní owó epo ni. Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n tún gbẹ́ òmíràn, ẹ dá ìgbìmọ̀ omi sílẹ̀, WASHCOM ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, kó ní akápò, kí wọ́n máa gba owó kékeré lórí kẹ́gì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi pamọ́ sí báǹkì fún ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́. Kí ọmọ abúlé méjì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú u, ọkùnrin kan, obìnrin kan tó bá ṣeé ṣe. Ẹ béèrè fún ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà pẹ̀lú sólà, kí ọ̀kan lè dúró tí èkejì bá kú. Àwọn ìyá Gbagyi tí ẹ ń rí tí wọ́n ń gbé ẹrù léjìká yẹn, àwọn ló mọ ibi tí omi máa ń gbẹ sí àti oṣù tó máa ń gbẹ, àwọn ni kí ẹ bi léèrè kí kọngílá tó gbé ẹ̀rọ wọlé. Mo ti rí i nínú iṣẹ́ mi léraléra pé ẹnu ọ̀nà olórí ni wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ sí, tí àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ abúlé á ṣì máa lọ sódò. Kọngílá tí kò bá sì mú èsì àyẹ̀wò omi wá, ẹ má bọ́ ọ lọ́wọ́ pé iṣẹ́ parí.

Ẹ̀yin màmá, àlejò la jẹ́ níbí, ajé la wá ṣe. Ọ̀rọ̀ omi àwọn onílẹ̀, àwọn àti ìjọba ló mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ máa fi ìwé ìròyìn Yorùbá gbèjà wọn? (Oníṣòwò pákó, Dei-Dei)

Ẹ̀gbọ́n, torí pé àwọn èèyàn tí kì í ṣe Yorùbá ti gbèjà wa rí. Ẹ ò ní gbàgbé sobiyà. Ẹ rántí bó ṣe ń yọ ní ẹsẹ̀ àwọn àgbẹ̀ wa, tí ọmọ ò lè lọ síléèwé, tí bàbá ò lè dé oko nígbà tó yẹ kó kórè. Nígbà tí wọ́n kà á káàkiri Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, àwọn tó ń ṣe lé ní 600,000. Inú omi adágún tí a ń mu ló ti ń wá. Ọ̀gágun Gowon, tí í ṣe ọmọ Plateau, wọ abúlé kiri nítorí ẹ̀, Carter Center láti Amẹ́ríkà wá, wọ́n pín aṣọ ìsẹ́mi, wọ́n da oògùn sí adágún, wọ́n gbẹ́ kànga. Ọdún 2008 ni a rí ẹni tó ní in kẹ́yìn, ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé ní Nàìjíríà ti bọ́. Wọn ò béèrè pé abúlé ta ni.

Yàtọ̀ síyẹn, onígbáméjì ò mọ ẹni tó wá ṣe ajé. Lọ́dún 2021 ó jà káàkiri Nàìjíríà, àwọn tí wọ́n fura sí pé ó mú lé ní 100,000, ó pa ju 3,000 lọ, Àbújá wà níbẹ̀. Ẹ̀fọ́ àti tòmátò tí wọ́n fi omi odò ṣan ní abúlé yẹn, ọjà yín ló ń bọ̀.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Mararaba ni mo ti ń ta oúnjẹ. Omi kànga àti omi mai ruwa là ń lò. Mo máa ń da álọ́ọ̀mù sí i, á sì mọ́ kedere. Ọ̀rẹ́ mi ní ìyẹn ò tó, àfi kí n máa sè é, gáàsì sì ti wọ́n jù. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá Olóúnjẹ, Mararaba)

Ọ̀rẹ́ yín gba tiyín rò. Ìdọ̀tí ni álọ́ọ̀mù ń kó lọ sísàlẹ̀, kòkòrò àìfojúrí ṣì wà nínú omi tó mọ́ kedere yẹn. Ẹ jẹ́ kó tòrò, ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá sè é. Àmọ́ kò yẹ kó jẹ gáàsì tó bí ẹ ṣe rò o, tí omi bá ti hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, ó ti tó, àwọn tó ń sè é fún wákàtí kan ń fowó ṣòfò ni. Tí gáàsì bá tán, ẹ ra oògùn omi oní-chlorine tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì, ẹ tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú díwọ̀n búlíìṣì tí ẹ fi ń fọ aṣọ sínú omi mímu. Oòrùn náà ń ṣiṣẹ́: ike tó mọ́ gaara, tí kò ju lítà méjì lọ, ẹ kún un pẹ̀lú omi tó ti tòrò, ẹ dé e, ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù fún wákàtí mẹ́fà tí oòrùn bá mú, ọjọ́ méjì tí ìkùukùu bá pọ̀.

Omi tí ẹ ti sè, inú ohun tó ní ìdérí àti ẹnu ẹ̀rọ ni kó wà, kí ẹnikẹ́ni má ti kọ́ọ̀pù bọ inú ẹ̀. Ẹ bi mai ruwa yín léèrè ibi tó ti ń pọnmi, ẹ yọjú wo inú kẹ́gì ẹ̀, tó bá ti ní ewé inú omi nínú ẹ wá ẹlòmíì. Kànga yín gbọ́dọ̀ jìnnà sí ṣalángá tó 30 mítà, ní Mararaba níbi tí ilé ti fún mọ́ra mo mọ̀ pé kò rọrùn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹ ò gbọdọ̀ fo sísè rárá.

Ohun kan wà tí sísè ò lè ṣe. Kẹ́míkà kì í kú nínú iná, kódà bí omi ṣe ń gbẹ lórí iná ni èyí tó wà nínú ẹ̀ ń ki sí i. Ní Zamfara lọ́dún 2010, àwọn tó ń fọ́ òkúta góòlù nílé tú òjé sínú ilẹ̀, sínú eruku àti omi, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú. Ní agbègbè Langtang ní Plateau, fluoride inú omi ilẹ̀ ló ń sọ eyín àwọn èèyàn di aláwọ̀ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlànà Nàìjíríà ní kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 1.5 nínú lítà kan lọ. Ojú ò lè rí i, ahọ́n ò lè tọ́ ọ wò, àfi láàbù. Tí ẹ̀yin ayálégbé mẹ́wàá bá dáwó jọ, owó àyẹ̀wò kànga kan ò ní pa yín lára, ẹ ní kí wọ́n wo E. coli náà, kòkòrò àìfojúrí tó ń ti inú ìgbẹ́ wá, ìlànà ní kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kan nínú 100 mílílítà.

Tí ọmọ, tàbí oníbàárà yín, bá wá ń yàgbẹ́ olómi léraléra tó sì ń bì, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Omi tó ti hó tó sì ti tutù lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí ẹ gé dọ́gba, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé omi kànga lẹ̀ ń lò.